Oṣù Mẹ́rin Pẹ̀lú Fóònù Tuntun: Ohun Tó Fún Mi àti Ohun Tó Gbà Lọ́wọ́ Mi

Mo ti lo fóònù tuntun tí mo rà ní Queen Cinema, n'Íbàdàn, fún oṣù mẹ́rin gbáko kí n tó jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí n kò fẹ́ fi ìbínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ ọ́. ₦240,000 ni mo san. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é náà ló ṣe èyí tí mo lò fún ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nọ́ńbà tó kángun sí orúkọ náà nìkan ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ pé gbogbo ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe ni ti tuntun yóò máa ṣe, tí yóò sì tún fi èènì lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ni mí, agbádá àti bùbá òun ṣòkòtò ni mo sì ń rán jù. Fóònù ni ìwé àkọsílẹ̀ mi, òun ni rédíò ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni àpótí tí mo ń kó àwòrán sítáì sí láti ọdún dé ọdún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èyí tuntun ti dára, nítorí ó dára níbẹ̀ lóòótọ́. Kámẹ́rà fóònù àtijọ́ kì í fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹtù àti aṣọ dúdú lásán; bí mo bá ya ẹtù ránṣẹ́ sí oníbàárà, yóò ní òun kò béèrè aṣọ dúdú lọ́wọ́ mi. Ti tuntun yìí ń gbé àwọ̀ aró náà jáde kedere, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè ka àwọn ìlà funfun tín-ín-rín tó wà lára aṣọ náà. Bátìrì rẹ̀, tó jẹ́ 5000 mAh, ń gbé mi láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ó sì yára. N kò ní ẹ̀sùn kankan lórí ìwọ̀nyí.

Ọjọ́ kejì tí mo rà á ni mo wá rédíò tì. Iná kì í pẹ́ ní àdúgbò wa, Amuludun FM 99.1 ni mo sì máa ń fi fóònù gbọ́ látìgbà tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ gbogbo ojú fóònù náà, n kò rí ohun tó jọ rédíò. Nígbà tí mo yí i po lọ́wọ́ láti wo ihò íápíìsì, ihò kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti ṣájà. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wáyà íápíìsì ni irú fóònù mi àtijọ́ fi ń ṣe áńtẹ́nà tí wọ́n fi ń gba FM, íápíìsì Bluetooth kò sì ní wáyà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n mú ihò náà kúrò, rédíò sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan lára páálí fóònù náà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á.

Àwọn kan ní kí n máa gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo sì ṣọ́ iye dátà tó ń jẹ: nǹkan bíi MB 29 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi MB 230, fún ọjọ́ 26 tí mo ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ó di GB 6 tán. Ohun tí mo ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún nìyẹn. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi iye tó lè tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ wo ló ń fi GB 6 gbọ́ rédíò?

Mo ra wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so íápíìsì mọ́ ihò ṣájà, ₦1,500. Mo so ó mọ́ ọn, mo fi íápíìsì sétí, kẹ́kẹ́ pa. Mo dá a padà fún ọmọkùnrin tó tà á fún mi. Ó fi í sí fóònù tirẹ̀, orin dún. Ó fi í sí tèmi, kò dún. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò náà, ó nu orí wáyà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó tún fi í sí i, kò dún náà ni. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kì í ṣe wáyà ló bàjẹ́. Fóònù yín ni kì í gbé ohùn gba ibẹ̀. Èyí tó ní chip nínú lẹ máa rà." ₦6,000 ni èyí tó ní chip, ẹ̀rọ bíńtín tó ń sọ àmì inú fóònù di ohùn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí íápíìsì bá wà níbẹ̀, ṣájà kò ráyè wọlé.

Ní ti mẹ́mọ́rì, GB 32 ni fóònù àtijọ́ ní, mo sì fi káàdì GB 64 kún un. GB 128 ni ti tuntun, kò sì ní ojú ibi tí èèyàn ń ki káàdì sí. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé 128 ju 96 lọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ kì í ṣe títóbi nìkan ni mo fẹ́ràn lára káàdì. Ní ọdún 2022, òjò pa mí ní Bódìjà, ojú fóònù mi sì kú. Mo yọ káàdì, mo fi í sínú fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, mo sì gé aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lónìí, bí èyí bá kó sómi, sítáì ọdún mẹ́fà bá a lọ. GB 15 ni Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; àwòrán tèmi jẹ́ GB 41.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti gbígba ohùn ìpè sílẹ̀. Àwọn oníbàárà mi máa ń pe ìwọ̀n wọn fún mi lórí fóònù, mo máa ń sọ fún wọn pé mò ń gbà á sílẹ̀, màá sì padà gbọ́ ọ kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Fóònù tuntun náà lè gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan á sọ létí àwa méjèèjì, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n ti ń gba ìpè yìí sílẹ̀. Màmá tó ń ta òfì fún mi láti Ìsẹ́yìn ti lé ní ẹni 70 ọdún. Bó ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó ké "Ta nìyẹn?", ó sì pa fóònù. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ rẹ̀ ló dáhùn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, màmá ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lẹ ti ń pè."

Mo mọ̀ pé ìdí wà fún un. Ní ibì kan bí ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ àṣírí orí fóònù sílẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà lórí ìpè náà fọwọ́ sí i, èmi náà sì gbà pé ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún kò gbọ́ èdè rẹ̀ kì í ṣe ìkìlọ̀. Mo wá ibi tí mo ti lè yí èdè náà sí Yorùbá, n kò rí i. Ni mo bá padà sórí bírò àti ìwé. Ní oṣù kejì tí mo ra fóònù náà, ọkùnrin kan pe gígùn ṣòkòtò rẹ̀ fún mi láti Abẹ́òkúta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo gbọ́ "méjìlélógójì", mo sì gé e bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìnlélógójì ló pè. Íńṣì méjì kò ṣeé lẹ̀ padà mọ́ aṣọ. Mo ra ọ̀pá aṣọ mìíràn lówó ara mi.

Mo fojú fo ti ṣájà tí kò sí nínú páálí, àti iná wínníwínní tó máa ń tàn lórí fóònù àtijọ́ bí ẹnì kan bá pè mí tí n kò gbọ́. Ẹni tó ń wá fóònù láti fi ya àwòrán, tí kò sì nílò káàdì tàbí rédíò, lè rà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jọ tèmi, kí ó yí ẹ̀gbẹ́ fóònù náà wò yíká lójú ọlọ́jà, kí ó fi pe ènìyàn kan, kí ó sì gba ìpè náà sílẹ̀ kí ó tó ka owó.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni fóònù àtijọ́ wà báyìí. Síìmù tí àwọn oníbàárà mọ̀ ti padà sínú rẹ̀, káàdì GB 64 wà ní ipò rẹ̀, Amuludun sì ń dún. Ti tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìgbà tí mo bá fẹ́ ya ẹtù ni mo ń mú un jáde.