Fíwìn sẹ́ńtà oní-rẹ́sílìn ní Alékúwódò: ẹ lọ, àmọ́ ẹ mú sùúrù dání

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé níbo lèèyàn ti lè jókòó wo rẹ́sílìn ní Òṣogbo láìjẹ́ pé ẹnì kan máa dédé yí i sí bọ́ọ̀lù Chelsea láàárín ìjà. Ó dáa, ibì kan rèé, mo sì ti ń lọ síbẹ̀ dáadáa kí n tó kọ eléyìí torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀ tán kó wá máa bú mi. Inú àdúgbò Alékúwódò ló wà, kì í ṣe etí títì, tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ táwọn èèyàn ń pariwo "ọ̀kan! èjì!" nínú ilé kan, ẹ wọlé, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọjọ́ yòókù, fíwìn sẹ́ńtà lásán ni, Arsenal, Man U, àwọn oní-bet tó ń kùn. Alẹ́ Sátidé nìkan ni ti rẹ́sílìn. N500 ni ẹnu ọ̀nà, N200 fún ọmọ ilé ìwé tó bá tẹ̀lé àgbàlagbà wá, wọn kì í sì í gba ọmọdé tó bá dá wá, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti irinṣẹ́ kúrò ńlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà níwájú, kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwọn tó bá jókòó sẹ́yìn òpó, àwòrán méjèèjì mọ́. Spíkà ni ò dáa. Ó ń hó, tí Michael Cole tó ń ṣàlàyé ìjà lórí tẹlifíṣọ̀n bá ti gbóhùn sókè báyìí ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ariwo. Bẹ́ńṣì pákó ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àga díẹ̀ tó ní ẹ̀yìn wà níwájú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Sólà ló ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n tí NEPA bá mú iná lọ, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ṣe dáadáa níbi yẹn. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn, ẹ má lọ síbẹ̀ tí kò bá pọn dandan.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ni pé kì í ṣe láìfù. Raw, ètò rẹ́sílìn tí ilé iṣẹ́ WWE ń ṣe lálẹ́ Mọ́ńdè ní Amẹ́ríkà, ìdájí Túsìdé ló jẹ́ níbí, SmackDown alẹ́ Fúráìdé tiwọn, ìdájí Sátidé tiwa ni, ta ló sì máa jáde nílé lóru wá sí Alékúwódò nítorí rẹ́sílìn. Ọ̀gá máa ń gbà á sílẹ̀, ó wá ń gbé e fún wa tó bá dalẹ́. Kó tó di pé a jókòó, gbogbo wa la ti rí i lórí fóònù, a ti mọ ẹni tó borí àti ẹni tó fẹ̀yìn gbálẹ̀. Ẹ lè rò pé ìyẹn á ba adùn ẹ̀ jẹ́, rárá o, òun gan-an ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta ló máa wọlé mọ́, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé e fún un, ta ló wà nídìí ẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ mú inú ẹ̀ dùn, ẹ wá sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń bèèrè irú ìbéèrè yẹn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kì í di ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ọ̀gá náà mọ̀. Ó ti kọ ọ́ sí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: KÒ SÍ Ọ̀RỌ̀ ÒṢÈLÚ NÍBÍ, ẸNI TÓ BÁ SỌ Ọ́ Á RA PÍỌ̀ WỌ́TÀ FÚN GBOGBO BẸ́ŃṢÌ RẸ̀. Wọ́n sì ń rà á o, mi ò tíì rí òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé tó báyẹn láàárín ìgboro. Àmọ́ ọ̀gá fúnra ẹ̀, fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú ló máa ń dé jókòó sídìí owó, tẹ́ ẹ bá bi í, á ní "Fìlà ni mo dé, ṣé ẹ gbọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ni?"

Alẹ́ tí mo gbádùn jù níbẹ̀ ni èyí tí ọ̀gá kó gbogbo ìtàn John Cena, ìlúmọ̀ọ́ká oníjàkadì WWE, ti 2025 jọ, ó gbé wọn tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn tí Cena ti fẹ̀yìn tì. Ẹ rántí pé 1 March ọdún yẹn, ní Toronto, àgbà oníjàkadì The Rock ní kí Cody Rhodes tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn fa ọkàn ẹ̀ lé òun lọ́wọ́, Cody kọ̀, Cena tó ti ń ṣe ọmọ dáadáa fún ohun tó lé lógún ọdún dì mọ́ Cody bí ọ̀rẹ́, The Rock fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn láti fi ṣe àmì fún Cena, ni Cena bá fi ẹsẹ̀ gbá a níbi tí ò yẹ kí wọ́n ti gbá ọkùnrin. Ọ̀gá dá àwòrán náà dúró síbi tí ojú Cena ti yí padà. Ni ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan bá fò dìde, "Ó ti sọdá! Ó ti já káàdì!"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù December 2025 tí Cena ja ìjà ìkẹyìn ẹ̀ náà ni Gómìnà Adélékè oníjó wa, tó ti fi PDP sílẹ̀, bọ́ sínú ẹgbẹ́ Accord. Àgbàlagbà kan tó ń ránṣọ yíjú padà, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá wí?"

"Cena ni sà, Alhaji."

"Cena wo? Cena tó ń jó?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ, tó sì mọ rẹ́sílìn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ, náà dá sí i, "Ṣé òun nìkan ló sọdá ni? Ọ̀gbẹ́ni Arẹ́gbẹ́ṣọlá ńkọ́? Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe gómìnà wa, APC ni wọ́n wà tí wọ́n fi parí ẹ̀, ṣebí akọ̀wé ADC ni wọ́n di ní 2025, ẹ ò pariwo nígbà yẹn." Ọ̀gá ti ń na ìka, "Bẹ́ńṣì kejì! Bẹ́ńṣì kẹta! Píọ̀ wọ́tà!" kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àríyànjiyàn yẹn ò sì jẹ́ ti ọ̀mùtí rárá. Àwọn kan ní Cena ì bá má gba bẹ́líìtì ìkẹtàdínlógún ẹ̀, èyí tó fi kọjá 16 ti Ric Flair, ní WrestleMania 41, ìjà ńlá tí WWE ń ṣe lọ́dọọdún, ká ní ó dúró síbi tó wà, pé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti fún un. Àwọn tọ̀hún ní kí ni ó wá rí jẹ níbẹ̀, Cody gba bẹ́líìtì náà padà ní SummerSlam ní August, kó tó dìgbà yẹn gan-an Cena ti tún padà sílé di ọmọ dáadáa, nígbà tó di 13 December oníjàkadì Gunther fún un lọ́rùn títí tó fi fọwọ́ lu ara ẹ̀ pé ó tó. Alhaji ní òun ò bínú sí ẹni tó sọdá, inú ń bí òun sí ẹni tó sọdá tí kò bi àwọn tó tẹ̀ lé e léèrè. Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá ju èyí tí mo ń gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ lọ.

Ọ̀gá tún máa ń gbé àwọn ti àtijọ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé WrestleMania 23 ni, ẹ tètè lọ. 1 April 2007 ni, ní Detroit, Bobby Lashley jà fún Donald Trump, Umaga jà fún Vince McMahon, Stone Cold Steve Austin ni rẹfirí, ẹni tí tiẹ̀ bá ṣubú wọ́n á fá orí ẹ̀. Wọ́n fá orí Vince. Onígbàjámọ̀ kan wà láàárín wa tó máa ń bínú síbi yẹn ní gbogbo ìgbà, ó ní kílípà ò ní òróró, wọ́n ń fà á ni wọn ò fá a, pé tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù òun ni oníbàárà ò ní sanwó. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni ìjà gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Trump tó di ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì, tí WWE sì ti fi orúkọ ẹ̀ sínú Hall of Fame ní 2013, ìyàwó Vince, Linda McMahon, ló fi ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 2025. Oníjàkadì Kane tó ń wọ ìbòjú pupa náà, 2018 ló di olórí ìjọba Knox County ní Tennessee, ẹnì kan sì sọ pé ìbòjú ló yẹ káwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tiwa náà máa wọ̀ kí wọ́n lè ráyè wọ ọ́fíìsì, ẹ̀yin náà mọ wàhálà tí APC àti PDP bá ara wọn fà lórí ẹni tó ni àwọn ọ́fíìsì yẹn ní 2025, mi ò ní tún un sọ.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Trump ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn ní Nàìjíríà ní ìparí 2025, orúkọ ẹ̀ ò ṣeé fi ṣeré níbẹ̀ mọ́. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, Òṣogbo ni, ọ̀pọ̀ wa ló ní méjèèjì nínú ilé. Tí Trump bá ti rìn jáde nínú WrestleMania 23 yẹn, àwọn kan á pàtẹ́wọ́, àwọn kan á pòṣé, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá ti máa ń sáré yí i síwájú. Mo rò pé ó ṣe dáadáa nínú ìyẹn nìkan.

Ti Hulk Hogan ló nira jù fáwọn àgbà. Àwọn tó ti ń wò ó láti ìgbà NTA, tí wọ́n rántí bó ṣe gbé Andre the Giant sọ nílẹ̀ ní 1987, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Àwọn ọmọ wa ní tiwọn máa ń rán wọn létí pé 2015 ni WWE lé e torí ọ̀rọ̀ èébú tó sọ sáwọn aláwọ̀ dúdú, pé ó lọ fa ẹ̀wù ya níbi ìpàdé ẹgbẹ́ Trump ní July 2024, pé nígbà tí Raw bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix ní January 2025, èrò hó lé e lórí lójú gbogbo ayé. Ó kú ní July ọdún yẹn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ kí n sunkún ẹni tí mo mọ̀ ní kékeré, kẹ́yin náà bú ẹni tẹ́ ẹ bá lórí fóònù." Wọ́n dákẹ́ fún bàbá náà. Ẹnì kan ṣì kùn pé aláwọ̀ dúdú làwa náà kẹ̀, bàbá sì dáhùn pé òun gbọ́.

Tí rẹfirí bá sì ti ṣubú láàárín ìjà, tó wá jí tó ń kà lọ́ra lọ́ra, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ìdìbò gómìnà 22 September 2018, Adélékè ti PDP ń fi ìbò 353 síwájú, INEC ní ìdìbò ò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje, Oyètọ́lá ti APC ló wọlé. Apá kan á ní rẹfirí sùn, apá kejì á ní òfin ni òfin, ìbò tí wọ́n fagi lé ju àlàfo náà lọ. Èmi máa ń lọ ra oúnjẹ nígbà yẹn.

Oúnjẹ wọn dáa púpọ̀. Ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín ewé lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóná, ẹja wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe òórùn ẹja. Dòdò Ìkirè wà, súyà wà, zobo tó tutù. Ẹ má ra ṣin-ṣín inú ilé, ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Òṣèlú kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi ẹnu kò sí ni ti àwọn ọmọ wa. Tí Ọba Fẹ́mi bá ti jáde báyìí, ọmọ Èkó tó gba bẹ́líìtì NXT, ẹ̀ka WWE, ní January 2025, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ́ PDP mọ́. Tíṣà wa yẹn nìkan ló máa ń ní eré lèyí, pé ìjàkadì gidi ni ti Ọdúnayọ̀ Adékúòròyè tó gba góòlù Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, ti Blessing Oborududu tó gba fàdákà ní Tokyo, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ìjàkadì gba mẹ́dàlì Olympics fún Nàìjíríà. Ó ní Daniel Igali, ọmọ Bayelsa, Kánádà ló gba góòlù fún ní Sydney 2000, kí ìjọba wo ara ẹ̀ nínú dígí. Ó bi ọ̀gá pé kí ló dé tí kì í gbé irú ìyẹn fún wa. Ọ̀gá ní èèyàn ò ní wá. Tíṣà ní, "Ẹ dán an wò ná." Mo fara mọ́ ti bàbá.

Ẹ̀sùn mi kan rèé. Tí àríyànjiyàn bá le, ọ̀gá máa ń pa tẹlifíṣọ̀n, á ní ó di ìgbà tá a bá dákẹ́. A ti sanwó o! Àwa tí ò sọ nǹkan kan ńkọ́? Ó ti pa á rí nígbà tí ìjà ku díẹ̀ kó parí, kò sì gbé e padà síbi tó dé, a kàn bá wọn tí wọ́n ń gbé bẹ́líìtì sókè. Ẹni a lè mú là ń lèdí mọ́, torí ó mọ̀ pé a ò ní ibòmíì tá a máa lọ. Kó fi píọ̀ wọ́tà ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì jáwọ́ nínú pípa tẹlifíṣọ̀n, kó tún spíkà yẹn ṣe.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀kan yẹn, spíkà àti ilé ìtọ̀ ló pín in. Ẹ débẹ̀ kó tó di aago méje kẹ́ ẹ lè rí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹ má gbé mọ́tò wọ àdúgbò, ọ̀kadà dáa jù, ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání, torí POS wọn kì í lọ lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú ọmọ lọ, ẹ jókòó síwájú lápá ọ̀tún, àwọn mẹkáníìkì ló ni apá òsì.