Mo san £80 fún kíláàsì iṣẹ́ kúrétọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́: ẹ gbọ́ ohun tí mo rí gbà

Kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní sítáfùrúùmù kọ́kọ́ bi mí. £80 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, orí Zoom. Káàdì náírà mi kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló bá mi san án, mo ṣì ń dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ìpolówó wọn ní obìnrin kan tó ṣe kúrétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹrù mùsíọ́mù tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà àwọn Anglo-Saxon ló mọ̀ dunjú, ni yóò máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wọ iṣẹ́ náà àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ wọn í rò, n kò sì wá ìjà.

Kí ni tíṣà iṣẹ́ ọnà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wá lọ sọ́dọ̀ àwọn Anglo-Saxon, àwọn tó ń jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn Norman tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1066? Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba wa, wà ní British Museum ní London, ilé kan náà tí àṣíborí Sutton Hoo, ẹrù àwọn Anglo-Saxon, wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ mọ irú èèyàn tó ń jókòó ti irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó fún un láṣẹ láti sọ ohun tó jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kò lọ́ràá. Máàpù, orúkọ ọba, ọdún tí ẹni báyìí kú. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìtàn díẹ̀ lè sùn níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi ni pé olùkọ́ ní kí a máa pe òun ní orúkọ lásán. Àwa ọmọ Nàìjíríà inú kíláàsì kò gbà. Màmá ni a ń pè é, kò sì pẹ́ tí òyìnbó kan láti Leeds náà fi ń pè é ní Màmá.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó mú wa lọ sí Sutton Hoo ní Suffolk ní 1939, nígbà tí Basil Brown, awalẹ̀-wá-ìtàn kan, ń hú àwọn òkìtì tó wà lórí ilẹ̀ Edith Pretty, bí obìnrin náà ṣe ní kó ṣe. Ojú ọkọ̀ ojú omi tó gùn tó mítà 27 ni wọ́n bá lábẹ́ ilẹ̀. Pákó rẹ̀ ti jẹrà tán, ìṣó irin nìkan ló kù tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú iyanrìn, wúrà àti fàdákà ọba sì wà láàárín rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ti Edith Pretty ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òfin. Obìnrin náà kó o fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ogun dé lọ́dún kan náà, wọ́n sì kó ẹrù náà pamọ́ sí ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Aldwych, ní London.

Àṣíborí inú rẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó lé ní 500 irin dídípẹtà. Herbert Maryon, òṣìṣẹ́ British Museum, tò ó ní 1945 sí 1946, wọ́n gbé e síta, gbogbo ayé sì ń wò ó. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ń kùn: àgbọ̀n àti ọrùn ṣí sílẹ̀, jagunjagun wo ló máa wọ èyí? Ní 1970, Nigel Williams, òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù náà mìíràn, tú u palẹ̀ pátápátá, ó tún un tò, ó parí rẹ̀ ní 1971. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí nìyẹn. Màmá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní, “Èwo lẹ máa wọ̀ lọ sójú ogun?” Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó jẹ́ kí n gbà pé owó mi kò ṣègbé. Ó ní ohun tó le jù nínú iṣẹ́ òun ni kí èèyàn gbà kí wọ́n tú ohun tí ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ti tò, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti yà sínú ìwé wọn, torí pé ẹ̀rí tuntun dé. Ẹni tí ojú bá ń tì láti ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Alẹ́ tó dára jù ni ti ìkọ́sáyà fàdákà kan tí wọ́n ń pè ní Fuller Brooch. Ó rí róbótó, ó fẹ̀ díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, wọ́n sì fi èròjà dúdú kan tó ń jẹ́ niello kún ojú ọnà rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún wa. Ó ní kí a kàn wò ó, kí a máa sọ ohun tí a rí. Ọkùnrin kan wà láàárín tí ojú rẹ̀ là rokoṣo. Àwọn mẹ́rin yí i ká: ọ̀kan ki ọwọ́ bọ ẹnu, ọ̀kan gbé ọwọ́ sí etí, ọ̀kan ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ọ̀kan dúró sáàárín ewéko. Arábìnrin kan láti Oyè ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ìríran, ìtọ́wò, ìgbọ́ràn, ìfọwọ́bà, ìgbóòórùn. Bọ̀dá kan láti Ìbàdàn ní tirẹ̀ ní ayédèrú ni, pé fàdákà tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kò lè mọ́ tónítóní báyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwọn ọ̀gá mùsíọ́mù fúnra wọn sọ nígbà kan rí nìyẹn, wọ́n sì ta á nù. Kápútéènì Fuller, tó ń kó ẹrù àtijọ́ jọ, ló rà á. Nígbà tí Bruce-Mitford, kúrétọ̀ kan ní British Museum, tún un wò, tí wọ́n yẹ niello náà wò, wọ́n rí i pé fàdákà àti imí-ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, bí àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣe máa ń pò ó. Ní 1952 Fuller fún British Museum ní ìkọ́sáyà náà, pẹ̀lú àdéhùn pé orúkọ òun ni wọn yóò máa fi pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí a kọ ohun tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má ju ọ̀rọ̀ 60 lọ, fún bàbá kan tó dúró tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún nítorí ebi. Gbogbo “ẹlẹ́wà” àti “àgbàyanu” tí mo kọ ló fa ìlà sí. Mo ti fi iṣẹ́ yìí fún àwọn ọmọ SS2 mi, wọ́n bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó sọ̀rọ̀ nípa àpótí tí wọ́n fi egungun àbùùbùtán ṣe, Franks Casket, tí ìdílé kan ní Auzon ní ilẹ̀ Faransé ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí. Augustus Franks, kúrétọ̀ kan ní British Museum, fi í ta mùsíọ́mù náà lọ́rẹ ní 1867; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wà ní Florence títí di òní. Mo na ọwọ́, mo béèrè ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀ka òun kọ́ nìyẹn, òun kò sì ní parọ́ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó ti lọ kà á: wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní London, ní 1924, ojú òyìnbó wọ̀ ọ́, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Èmi náà wá ṣàlàyé fún un: Ògògà nínú adé rẹ̀, olorì lẹ́yìn rẹ̀, àti Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n gbé sínú àga bí ẹrù. Ó bi mí pé ta ló kù ní Ìkẹ́rẹ́ tó mọ orúkọ àwọn yòókù tó wà lára rẹ̀, ṣé mo ti kọ ọ́ sílẹ̀? Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà láti ìgbà náà. Ìbéèrè yẹn nìkan tó £80.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń wọ iṣẹ́ náà, kò fi oyin pa á. Ìmọ̀ ìwalẹ̀-wá-ìtàn tàbí ìtàn iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, Látìnì, kí o sì lè ka èdè Jámánì, torí wọ́n ti kọ púpọ̀ níbẹ̀ nípa irú ẹrù yìí. Ipò náà kò pọ̀, ẹni tó bá sì jókòó sí i kì í tètè dìde. Iṣẹ́ àdéhùn oṣù díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Òfin kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1996: ẹni tó bá rí irú wúrà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 14, kúrétọ̀ ló sì ń kọ àlàyé ohun tó jẹ́. Báyẹn ni ìṣúra Staffordshire tí wọ́n rí ní 2009, wúrà nǹkan bí kílò mẹ́rin, ṣe di ohun tí wọ́n ra ní £3.285 mílíọ̀nù fún mùsíọ́mù Birmingham àti Stoke-on-Trent. Àwọn kan tó jẹ́ pé ọ̀nà jápa ni wọ́n bá wá, a kò rí wọn mọ́ lẹ́yìn alẹ́ yẹn.

Ẹjọ́ mi wá dé. Fídíò kíláàsì kì í pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, bí iná bá lọ ní Ìkẹ́rẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí o máa sáré wá dátà. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá, wọ́n dá aago padà ní wákàtí kan ní ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. A jókòó ti fóònù wákàtí kan gbáko. Wọ́n tún ń gba £15 lọ́tọ̀ fún sàtífíkéètì. Mo kọ ìméèlì sí wọn, ogiri ló dá mi lóhùn. Èyí tó burú jù ni ọ̀sẹ̀ kẹfà: Màmá kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń kọ CV, gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Manchester. Nígbà tí a bi í nípa Nàìjíríà, ó ní kí a lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì.

Màmá gba ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ gba méjì. Tíṣà iṣẹ́ ọnà, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ààfin, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Adó tàbí Oyè, ẹ san án. Ẹni tó ń wá físà, kó má yá owó nítorí rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí kì í bá sì ṣe Màmá, ẹ ní kí wọ́n yọ owó ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò.