Ọjọ́ Kìíní Wa ní Charleston: Gadsden's Wharf Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní Charleston, South Carolina, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwa ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wa mọ́tò láti Atlanta, a sùn mọ́jú, nígbà tó máa fi di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ti wà nínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà tí wọ́n fi ń gbé àlejò yí ìlú ká. Ìlú náà rẹwà lóòótọ́. Àwọn ilé 13 tí wọ́n ń pè ní Rainbow Row, ọ̀dà ti kálukú yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú wa kiri sọ ti ọ̀dà, ó sọ ti ọgbà òdòdó, kò sọ ti ẹni tó mọ ilé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi í, ó ní "àwọn ìránṣẹ́" ni. Ẹrú ni wọ́n, kì í ṣe ìránṣẹ́; ó dùn mí wọra pé mo sanwó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ la ti gba International African American Museum lọ. Gadsden's Wharf ni wọ́n kọ́ ọ sí, èbúté tí wọ́n ti ń já àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà sílẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó fòfin de kíkó ẹrú wọlé lọ́dún 1808. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Òpó 18 ló gbé e dúró, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹnikẹ́ni lè rìn kọjá níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Omi kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tí kò jìn, ó ń kún, ó ń fà. Bó bá ti fà, àwòrán ènìyàn á yọ nílẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sínú ọkọ̀, èjìká kan èjìká. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ kú àtijọ́ o." Omi lé ròrò sí mi lójú.

Wákàtí mẹ́ta la lò nínú ilé, kò tó. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní City Market, ìyá àgbà kan ń hun agbọ̀n. Wọ́n di koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdì, wọ́n ń ká a bí ẹni ń ṣe òṣùká, wọ́n wá ń fi ìdí ṣíbí tí wọ́n ti pọ́n lu ihò kí imọ̀ palmetto lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fà á le. Agbọ̀n tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, 60 dọ́là. Mo wo ọwọ́ wọn, mi ò ná an.

Ọ̀kan lára àwọn Gullah ni ìyá yìí, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú láti Áfíríkà tí wọ́n fi roko ìrẹsì tó sọ ìlú náà di olówó. Ẹ jẹ ìrẹsì pupa wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní jọ̀lọ́ọ̀fù ni, ata ló kù.

Old Slave Mart, ọjà ẹrú àtijọ́ tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wà ní òpópónà Chalmers. Ọdún 1856 tí ìlú fòfin de títa ènìyàn ní gbangba ni wọ́n kó ọjà náà wọ inú ọgbà níbẹ̀. Ilé kékeré ni, kíkà pọ̀ níbẹ̀ ju wíwò lọ. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà, ẹ má wọ bàtà gogoro.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Battery, létí omi, a ń wo Fort Sumter, odi ogun tó wà láàárín omi, lókèèrè. Mo sọ ìtàn Robert Smalls fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹrú tó ń tu ọkọ̀ ojú omi Planter fún àwọn ọmọ ogun Gúúsù nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí Gúúsù ń jà kí oko ẹrú má parẹ́, tí Àríwá sì ń bá wọn jà. Ní ìdájí 13 oṣù Karùn-ún, 1862, ó gbé ọkọ̀ náà, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó dé fìlà kápútẹ́nì, ó fọn fèrè bó ṣe yẹ kó fọn ọ́n, ó sì gba iwájú odi ogun yẹn gan-an kọjá lọ bá àwọn ará Àríwá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ omi náà pẹ́. Ó ní ká padà sí Gadsden's Wharf kí ilẹ̀ tó ṣú, òun fẹ́ rí i nígbà tí omi bá tún fà. A padà lọ.