Ìwé máàpù Brítéènì tí wọ́n ń tà ní Yábà: ẹ̀yìn ìwé ni owó rẹ̀ wà

Ìwé máàpù ojú ọ̀nà Brítéènì, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ìlú òyìnbó máa ń fi sábẹ́ àga ọkọ̀ wọn kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà ṣe, ti di ọjà tí a lè bá pàdé lórí àtẹ àwọn oníwèé àlòkù ní Yábà, láàárín ìwé ìgbaradì fún ìdánwò WAEC àti àwọn ìwé ìròyìn tó ti gbó. Mo ra ọ̀kan ní ₦4,500, mo sì fẹ́ sọ èrò mi nípa rẹ̀ fún ẹni tó bá rí irú rẹ̀ tó ń ṣiyèméjì. Ó tó owó tí mo san, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ohun tí ẹni tó ń wakọ̀ láti Fádèyí lọ sí Oṣòdì fẹ́ fi ọ̀nà Leeds ṣe. Ohun tó tó owó nínú rẹ̀ ni atọ́ka orúkọ tó gba apá ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú àti abúlé Brítéènì tẹ̀lé ara wọn ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka atọ́ka yìí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtàn àwọn tó tẹ ilẹ̀ náà dó, ní ọ̀nà tí ìwé ìtàn kì í sábà gbà sọ ọ́.

Ibi ìpàtẹ tí mo ti rà á kò ní òrùlé ju agbòòrùn ńlá kan lọ, ọlọ́jà náà kì í sì í to ìwé rẹ̀ ní ìsọ̀rí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ohun kan pàtó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tú òkìtì ìwé, kí eruku sì bò ó. Síbẹ̀, ó mọ ọjà rẹ̀. Ó jẹ́ kí n ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkanra mọ́ mi. ₦7,000 ló kọ́kọ́ pè é, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé tẹ́ ẹ mú dání yẹn ti yí ìlú òyìnbó po ju èmi àtẹ̀yin lọ, ẹ má fowó kékeré lọ̀ ọ́.” Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ báyìí yẹ lẹ́ni tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé náà fẹ̀, wáyà ni wọ́n sì fi dì í, nítorí náà ó ṣeé ṣí pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Máìlì mẹ́ta lórí ilẹ̀ ló wọ inú íǹṣì kan lórí bébà, ìwọ̀n tó jẹ́ kí abúlé tí kò ju ilé mélòó kan lọ náà rí àyè fún orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà láti Manchester dé Hull, ó sì kọ aago oúnjẹ ọ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Ìyẹn kò bà á jẹ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí atọ́ka náà. Ní Norfolk, Great Snoring àti Little Snoring wà nítòsí ara wọn, ẹni tó bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé Ìhanrun Ńlá àti Ìhanrun Kékeré ni wọ́n ń pe ibẹ̀; èyí tí wọ́n pè ní Kékeré yẹn ló sì ní èrò jù. Ní Hertfordshire, Nasty wà, orúkọ tó dà bí ẹni pé ìbínú ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà. Ní Essex, Ugley wà, tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu láìrí i nínú ìwé yóò gbà pé òbùrẹ́wà ni wọ́n pe odidi ìlú. Ní Kent, ìlú Sandwich àti abúlé Ham, tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò jìnnà síra wọn, pátákó ojú ọ̀nà kan sì wà tó kọ orúkọ méjèèjì pọ̀, tí àwọn àlejò máa ń dúró yà ní fọ́tò bí ẹni rí oúnjẹ. Ìlú náà ló ṣáájú oúnjẹ, nítorí John Montagu, ìjòyè Sandwich kẹrin, tó gbé ayé láti 1718 sí 1792, ni wọ́n fi orúkọ oyè rẹ̀ pe búrẹ́dì tí a fi ẹran sí láàárín. Ní Perthshire ní Scotland, Dull wà, orúkọ tó jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ohun tí kò lárinrin. Àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kó dùn wọ́n: ní 2012 wọ́n bá Boring ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà dá ọ̀rẹ́, ibi tí orúkọ tirẹ̀ jọ ohun tó ń súni, Bland ní Australia sì dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Àwọn kan wà nínú orúkọ wọ̀nyí tí wọ́n lè kó ìpayà bá òbí. Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní Ṣómólú tí ọmọ rẹ̀ obìnrin rí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní ẹkùn Durham, tó wá bi ọmọ náà lórí fóònù pé ibo gan-an ló ń gbé, tí ọmọ sì dá a lóhùn pé, “Mọ́mì, Pity Me ni.” Ṣàánú Mi! Ìyá náà kò ní dúró gbọ́ ìyókù. Ààwẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Bí wọ́n bá tún gbé ọmọ náà lọ sí abúlé mìíràn ní ẹkùn kan náà, ó lè jẹ́ No Place ni, ibi tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kò sí níbì kankan. Ní 1983, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gbìyànjú láti sọ No Place di Co-operative Villas, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé yarí, orúkọ méjèèjì ló sì wá wà lórí pátákó wọn. Irú agídí bẹ́ẹ̀ náà wà ní Shitterton ní Dorset, orúkọ tí n kò ní túmọ̀ níbí, àfi kí n sọ pé ó jẹ mọ́ odò kékeré tí wọ́n ń da ẹ̀gbin sí láyé àtijọ́. Àwọn aláwàdà ń jí pátákó orúkọ abúlé náà gbé lemọ́lemọ́, títí àwọn ará ibẹ̀ fi dáwó jọ ní 2010, tí wọ́n ra òkúta tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ orúkọ náà sí i lára. Àwọn tí à bá rò pé ojú ń tì ni wọ́n ná owó ara wọn kí orúkọ náà má baà kúrò. Mo fẹ́ràn wọn.

Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà nígbà tí wọ́n ń sọ ibi wọ̀nyí lórúkọ, ibi yìí sì ni ìwé máàpù náà ti kùnà jù lọ, nítorí kò ní ojú ewé kan ṣoṣo tó fi ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé yóò lọ wá a níbòmíràn. Orúkọ kò kúrò lójú kan. Èdè àwọn tó ń pè é ló yí padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Snear ló wà nínú Snoring, ìyẹn ni pé ibùgbé àwọn ènìyàn Snear ni. Ugga ló ṣán igbó tó di Ugley. Nasty kò ju ọgbà tó wà níhà ìlà oòrùn lọ. Beer, ìlú etí òkun ní Devon, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọtí. Igbó kékeré ló túmọ̀ sí. Ẹni tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà kò nílò àlàyé gígùn lórí irú nǹkan báyìí, nítorí òun náà mọ̀ pé ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ fojú rí ni wọ́n pe ibẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni Upper Slaughter ní Gloucestershire, tí ará òde òní gbọ́ bí ilé ìpakúpa, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ. Gbogbo ọmọ abúlé yìí tó lọ jagun àgbáyé kìíní padà wálé láàyè, gbogbo àwọn tó lọ sí èkejì náà sì padà wálé láàyè, oríire tí abúlé díẹ̀ péré ní gbogbo ilẹ̀ náà ní.

Bí ìwé náà kò tilẹ̀ ṣàlàyé, ohun kan wà tó ṣe tí fóònù kò lè ṣe fún mi. Ẹ mú àwọn orúkọ tó parí sí “by” nínú atọ́ka, bíi Grimsby, Whitby, Selby àti Derby, kí ẹ sì wá ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí máàpù. Púpọ̀ nínú wọn ló kó jọ sí ìhà ìlà oòrùn àti àríwá, ní Lincolnshire àti Yorkshire pàápàá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará Denmark tó gba ojú òkun wá jagun ní ọ̀rúndún kẹsàn-án tẹ̀dó sí, “by” sì ni wọ́n ń pe abúlé ní èdè wọn. Ẹ ṣí i padà sí Cornwall ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, wọn yóò pòórá, “Tre” ni yóò sì gba ojú ewé kan, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Cornwall fún ilé àti oko tó yí i ká. Níbi tí a bá ti rí “chester” tàbí “caster”, bíi Manchester àti Doncaster, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ọmọ ogun Róòmù ti pàgọ́ síbẹ̀ rí. Ní Wales, “Llan” jẹ́ ilé ìjọsìn, “Aber” sì jẹ́ ẹnu odò. Fóònù á fi ibi tí a bá béèrè hàn wá, á sì dákẹ́. Ìwé yìí a máa gbé ohun tí a kò béèrè kalẹ̀, láìjẹ dátà.

Wales náà ló ni orúkọ tó gùn jù lọ ní Brítéènì, ìwé yìí sì rẹ́ ẹ jẹ, nítorí Llanfairpwllgwyngyll nìkan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Odidi rẹ̀ ni Llanfairpwllgwyngyllgogerychwyrndrobwllllantysiliogogogoch, lẹ́tà 58, ní erékùṣù Anglesey. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ló fà á gùn báyìí ní àwọn ọdún 1860, kí ibùdókọ̀ ojú irin wọn lè ní orúkọ tó gùn jù, kí àlejò sì máa yà síbẹ̀. Ìjọ Màríà Mímọ́ tó wà ní kòtò igi hazel funfun, nítòsí ibi tí omi ti ń fi agbára yí po, àti ìjọ Tysilio Mímọ́ ti ihò pupa: bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹni tí wọ́n ti ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ fún rí kò ní sọ pé ó gùn jù. Yóò kàn béèrè ìdí tí wọn kò fi kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àléébù kejì ni pé ìwé náà kò sọ bí a ti ń pe orúkọ kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó kì í pe ohun tí wọ́n kọ. Leicester di “Lẹ́stà”, Gloucester di “Glọ́stà”. Happisburgh ní Norfolk di “Hésbrọ̀”, Wymondham tó wà ní ẹkùn kan náà sì di “Wíńdọ̀m”. Mousehole ní Cornwall, tí a óò rò pé ihò eku ni, “Máúsùl” ni wọ́n ń pè é. Ní Scotland, Milngavie di “Mọ̀lgáì”, Kirkcudbright sì di “Kàkúbrì”. Èmi tí wọ́n ń fi àmì ohùn kọ ìlú mi sílẹ̀ kedere kò ní káàánú òyìnbó kankan mọ́ tí Ojúẹlẹ́gbá bá ń ta kókó sí lẹ́nu.

Mo tún wá Lost, abúlé kan ní Aberdeenshire tí wọ́n jí pátákó rẹ̀ títí ó fi sú ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i nínú atọ́ka yìí: Lost ti sọnù. Barton in the Beans ní Leicestershire wà, àmọ́ ihò wáyà ti jẹ ìdajì rẹ̀. Lẹ́tà atọ́ka náà sì kéré débi pé ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún kò ní lè kà á lálẹ́ láìsí jígí, pàápàá bí ó bá jẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ fi kà á.

Ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tí ẹ bá rí kò ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀nà tuntun lè dé, ṣùgbọ́n Snoring ti wà nínú ìwé Domesday tí William Aṣẹ́gun ní kí wọ́n fi ka ilẹ̀ rẹ̀ ní 1086. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà wò, torí ojú ewé ìgbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ já kúrò lára wáyà, kí ẹ sì rí i dájú pé abala lẹ́tà W pé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Wetwang ti Yorkshire àti Westward Ho! ti Devon, ìlú kan ṣoṣo ní gbogbo Brítéènì tí àmì ìyanu wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí abala yẹn bá pé, ẹ má san ju ₦5,000 lọ. Bí kò bá pé, ₦2,000 ti pọ̀ jù.