Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú: èyí tó yẹ ní rírà, àti bó ṣe lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni

Nínú àwọn íápíìsì tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní ọjà fóònù Ọ̀tìgbà, n'Ìkejà, tàbí ti Queen Cinema, n'Ìbàdàn, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń tà jù. Bí irú rẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé sípíkà rẹ̀ ti jó. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ló máa ń já, ibi tó sì ti ń já kì í sábà ju mẹ́ta lọ: ní ọrùn ẹnu tí à ń kì bọ fóònù, ní oríta tí wáyà ti pín sí méjì, àti níbi tí wáyà ti wọ ilé sípíkà. Ẹni tó bá ń fi ohùn nìkan yan íápíìsì olówó pọ́ọ́kú, ohun tí kò ní tètè bàjẹ́ ló ń yẹ̀ wò, ó wá gbójú fo ohun tí yóò bàjẹ́.

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni oníwáyà pẹlẹbẹ. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé kì í lọ́ mọ́ra, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wáyà pẹlẹbẹ kì í tẹ̀ dáadáa bí kò bá jẹ́ ní ojú rẹ̀ tó fẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní etí rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò, àwọn fọ́nrán bàbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ni yóò fara gba gbogbo ìnira náà. Ó tún máa ń ha ara ṣẹ́ẹ̀tì, ìró yẹn á sì máa dún gbọ̀-gbọ̀ létí ẹni tó bá ń rìn. A kò gbà yín níyànjú láti rà á.

Oníwáyà roboto ló tọ́ sí owó yín, àmọ́ roboto ju roboto lọ. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó gùn díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu náà. Bàbà inú wáyà kì í sábà já láàárín ọ̀nà. Ibi tí ohun tó rọ̀ ti pàdé ohun tó le ló ti ń já, nítorí ojú kan náà ló ń tẹ̀ lójoojúmọ́ títí fọ́nrán á fi ṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ọrùn tó dára máa ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó máa ń ní ojú gígé wẹ́wẹ́ lára, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Èyí tó le gbagidi, tí wáyà kàn yọ jáde lẹ́nu rẹ̀ lójijì, kò wúlò rárá. Ṣe ló kàn ti ibi tí wáyà yóò ti já síwájú díẹ̀.

Ẹ wo ẹnu náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu tó ṣẹ́ igun ló dára jù fún ẹni tó ń fi fóònù sápò, torí pé bí èèyàn bá jókòó, ẹnu tó nà gbọọrọ á máa fa ihò fóònù, á sì máa tẹ ọrùn wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fóònù yín bá wọ ìbòrí tó nípọn, ẹ má yọ ìbòrí náà kí ẹ tó dán íápíìsì wò. Ẹnu tó sanra kì í lè wọlé tán, ohùn tó bá sì jáde á dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ fi fóònù tiyín dán an wò. Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sí i, kí ẹ sì rọra yí ẹnu náà po nínú ihò. Bí ohùn bá ń já, tó ń ta párá-párá, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ rọra fa wáyà kúrò lára ilé sípíkà: bí wáyà bá ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí kókó tí wọ́n ta sínú rẹ̀, gbogbo agbára tí ẹ bá fi fà á, ojú lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tí wọ́n yọ́ láti fi so wáyà mọ́ sípíkà, ni yóò lọ tààrà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn ara yín sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá gbohùngbohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí ẹ dán an wò, ẹ kọjá sí tábìlì kejì.

Irú kẹta ni èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ. KZ EDX Pro la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọ́n ju ti orí tábìlì lọ, síbẹ̀ ó ṣì wà lára àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n, sípíkà kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 ló sì wà nínú etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó mú un yẹ ní rírà ni pé abẹ́rẹ́ méjì ló so wáyà mọ́ ilé sípíkà, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó mìlímítà 0.75. Bí wáyà bá já, wáyà nìkan lẹ ó rà. Ó ní àléébù tirẹ̀. Wáyà rẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn etí kọjá, àwọn tó ń lo awò ojú kì í fẹ́ràn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tún máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá fà á yọ ní ìbú. Ẹ di rọ́bà rẹ̀ mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fà á ní tààrà, ẹ má máa yí i. Kò sì yẹ kí ẹ máa yọ ọ́ lójoojúmọ́, torí ihò abẹ́rẹ́ á dẹ̀, ohùn á wá máa ṣẹ́jú.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní ihò roboto mọ́ lè máa ronú pé íápíìsì oní-Type-C ló kàn. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹ̀rọ bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní DAC ló sábà máa ń wà nínú ẹnu Type-C, òun ló ń sọ ohùn tí fóònù kó jọ bíi nọ́ńbà di iná mànàmáná fún sípíkà. Bí ọrùn rẹ̀ bá já, kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ ojú ọ̀nà lè fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀. Íápíìsì oní-3.5 mm, ìyẹn èyí tó ń wọ ihò roboto, pẹ̀lú ádáptọ̀ kékeré ló sàn jù. Kí ẹ sáà rí i pé ádáptọ̀ náà ní DAC nínú. Èyí tí kò ní in, kìkì àwọn fóònù kan ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ní ti ìlò, fífà ló ń pa jù. Ẹnu ni kí ẹ dì mú bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ má di wáyà mú. Ẹ má ká wáyà mọ́ fóònù lára nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, nítorí ìká àkọ́kọ́ gan-an máa ń tẹ ọrùn rẹ̀ bí ìkọ́. Ẹ yọ ọ́ ná, kí ẹ ká a mọ́ ìka mẹ́rin láìfà á le, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu àti etí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ má fi kókó so ó. Agolo kékeré tàbí àpò aláṣọ ti tó fún un. Bí fóònù bá wà nínú àpò, ẹ jẹ́ kí ẹnu íápíìsì kọjú sókè. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ooru máa ń sọ rọ́bà wáyà di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó bá yá á gbẹ, á sì la.

Ó yẹ kí ẹ fún ọrùn rẹ̀ lágbára láti ọjọ́ tí ẹ bá ti rà á. Àwọn kan máa ń fi sípíríǹgì bírò wé e. Kò dára: etí sípíríǹgì náà mú, á máa gé rọ́bà wáyà díẹ̀díẹ̀. Hítì-ṣíríǹkì, ìyẹn rọ́bà oníhò tó máa ń súnkì bí iná bá rà á, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà iná, kí ẹ sọ pé oní-3 sí 1 lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó máa ń súnkì di ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú rẹ̀. Oní-6 mm á súnkì di 2 mm, ó sì máa ń tó fún ẹnu tí kò sanra. Bí tiyín bá sanra, ẹ mú oní-9 mm. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ fi wọ̀ ọ́ kí apá kan wà lórí ẹnu, kí èyí tó kù wà lórí wáyà. Ẹ na iná láítà sí i láti ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ yín má dúró sójú kan, kí iná náà má sì kan rọ́bà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ mìíràn sórí rẹ̀ lápá ẹnu nìkan. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele méjì ni pé líle rẹ̀ á máa dín kù bó ti ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó nípọn lẹ fi sí i, ẹ kàn tún ṣe ọrùn líle mìíràn ni.

Bí etí kan bá ń dún kéré, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi sí fóònù mìíràn. Bí méjèèjì bá dún bákan náà níbẹ̀, fóònù tiyín ni kí ẹ yẹ̀ wò: nínú ètò rẹ̀, lábẹ́ Accessibility, ibì kan wà tí a ti ń pín ohùn sọ́tùn-ún sósì, ó lè ti sún. Ihò fóònù náà sì lè ti kún fún eruku àti òwú àpò, tí ẹnu íápíìsì kò fi wọlé tán. Igi ìtayín ni kí ẹ fi rọra yọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa fóònù, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Bó bá jẹ́ íápíìsì ló ní ìṣòro, asẹ́ tó wà níbi tí ohùn ti ń jáde sí etí lẹ ó wò kàn. Ìdọ̀tí etí máa ń dí i. Ẹ yọ rọ́bà etí, kí ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Asẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ máa gbọ̀n ọ́n kí ìdọ̀tí lè já bọ́ síta. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ sókè, inú sípíkà lẹ ń gbá a sí. Ẹ má sì ti íápíìsì bọ etí pẹ̀lú ipá. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín etí àti sípíkà máa ń tẹ awọ sípíkà wọlé, òun ló ń dún kérẹ́ bí ọ̀rá. Ẹ rọra yí i wọlé. Ihò bíńtín tó wà lẹ́yìn ilé sípíkà wà fún afẹ́fẹ́, ẹ má fi gúlúù dí i.

Òógùn ní ìyà tirẹ̀. Bí fóònù bá ń dá orin dúró fúnra rẹ̀, tàbí tó ń pe olùrànlọ́wọ́ Google láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan, kì í ṣe pé fóònù ń ṣèrànrán. Bọ́tìnnì ìdádúró máa ń so wáyà gbohùngbohùn pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tí gbogbo wọn jọ ń lò láti dá iná padà. Ti ìgbóhùnsókè, 240 ohm (ohm ni ìwọ̀n ìdènà iná) ló ń fi sáàárín wọn, ti ìrẹ̀wálẹ̀ sì jẹ́ 470. Omi oníyọ̀ tó bá wọ inú àpótí bọ́tìnnì náà á ṣe iṣẹ́ kan náà, fóònù á rò pé ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn eré ìdárayá, ẹ nu wáyà àti àpótí bọ́tìnnì náà, kí ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ìrẹsì kò ní fa òógùn jáde.

Bí ọrùn bá wá já pátápátá ńkọ́? Ẹnu tuntun ṣeé jó sí i. Bí íápíìsì bá ní gbohùngbohùn, ẹnu tó ní òrùka dúdú mẹ́ta lẹ ó rà. Bí kò bá ní in, òrùka méjì. Ẹ gé wáyà ní sẹ̀ǹtímítà 3 sókè ibi tó já. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ti ìbòrí ẹnu náà àti hítì-ṣíríǹkì bọ wáyà, torí bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ó tún un tú. Nínú wáyà, pupa sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀tún, àwọ̀ ewé tàbí búlúù jẹ́ ti òsì, aláwọ̀ bàbà sì ni ilẹ̀. Ọ̀dà ló wà lára fọ́nrán wọ̀nyí, lẹ́ẹ̀dì kì í mú un àfi tí ẹ bá jó ọ̀dà náà kúrò. Ẹ fi àyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, tó gbóná tó 350°C, àti lẹ́ẹ̀dì tó ní róṣíìnì (oje igi tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) sí i títí tí ojú rẹ̀ yóò fi funfun. Ṣóńṣó ẹnu ni òsì, irin tó tẹ̀ lé e ni ọ̀tún, lẹ́yìn náà ilẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ni gbohùngbohùn. Kí ẹ tó dé e, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn ṣóńṣó sí ilẹ̀: nǹkan bí 16 tàbí 32 ohm ló yẹ kó fi hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀tún sí ilẹ̀. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, ọ̀dà ṣì wà lára fọ́nrán. Bí ohùn akọrin bá sì pòórá tí ìlù nìkan ń dún, àmọ́ tó padà bọ̀ sípò nígbà tí ẹ di bọ́tìnnì mú, ilẹ̀ àti gbohùngbohùn lẹ ti gbé fún ara wọn. Ẹ pààrọ̀ wọn.

Iṣẹ́ yìí bá oníwáyà roboto tó dára àti ti KZ mu. Fún èyí tó rẹlẹ̀ jù lórí tábìlì, ẹnu tuntun àti owó oníṣẹ́ á ju owó rẹ̀ lọ, àfi bí ẹ bá ní àyọ́ọ̀nù tiyín nílé. Bí ó bá sì jẹ́ ní oríta ló ti já, ẹ má jó o: wáyà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, gúlúù tí ẹ bá sì fi dì í lẹ́yìn jíjó á di ibi líle tuntun tí yóò tún ti já.