Okùn Wo Ni Kí Ẹ Rà fún Iṣẹ́ Màkírámè? Òwú Onífọ́nrán Mẹ́ta, Òwú Onífọ́nrán Kan àti Okùn Ọ̀rá

Màkírámè ni iṣẹ́ ọnà tí a ń fi okùn ta kókó ṣe, bí ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri tàbí ohun tí a fi ń gbé ìkòkò òdòdó kọ́. Kí ẹ tó béèrè iye owó okùn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí: bí mo bá ta kókó sódì, ṣé okùn yìí á gbà kí n tú u? Ibẹ̀ gan-an ni owó ń gbà lọ.

Òwú onífọ́nrán kan rọ̀ lọ́wọ́, ó sì wuyì lára ògiri. Ẹ fi kóòmù yà á nísàlẹ̀, wájàwájà rẹ̀ á tẹ́jú lọ́gán. Ṣùgbọ́n wọn kò lọ́ ọ pọ̀ mọ́ nǹkan kan, kò sí ohun tó di ara rẹ̀ mú. Tí ẹ bá tú kókó kan lẹ́ẹ̀mejì, ojú ibẹ̀ á hu irun, á sì tín-ín-rín. Tí ẹ bá tún fà á le, ó lè já. Èyí tó bá já láàárín iṣẹ́ kò ṣeé so kó má hàn, àfi kí ẹ gé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni okùn kan kì í ṣe ohun kékeré: a ó ká a sí méjì lórí igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì tó ìlọ́po mẹ́rin gígùn iṣẹ́. Iṣẹ́ mítà 1 ń jẹ mítà 8 lórí okùn kan. Okùn 12 ti di mítà 96. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kókó onígun mẹ́rin a máa gbàgbé láti pààrọ̀ apá òsì àti ọ̀tún, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, títú ló kù.

Onífọ́nrán mẹ́ta, tí wọ́n lọ́ fọ́nrán mẹ́ta pọ̀, ń fara da títú. Ẹnu rẹ̀ ló máa ń tú ká, nítorí náà ẹ wé sẹ́lótéépù mọ́ ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé. Wájàwájà rẹ̀ máa ń ká kò. Ooru omi gbígbóná á nà án.

Okùn ọ̀rá kò bẹ̀rù òjò, iná ìṣáná sì ń lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ó ń yọ̀, kókó rẹ̀ a máa dẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi gbé ìkòkò òdòdó kọ́, ìkòkò amọ̀ bí irú ti Dada ní Òkèlélé, ní Ìlọrin, tí yẹ̀pẹ̀ tútù kún inú rẹ̀, wúwo púpọ̀. Ẹ fa kókó ìsàlẹ̀ le dáadáa. Oòrùn tún ń jẹ ẹ́: tó bá ti ń bu lẹ́búlẹ́bú sí yín lọ́wọ́, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kíákíá.

Eruku ọyẹ́? Òwú funfun á gbà á, ọ̀rá ṣeé fi omi ṣàn.

Àwọn kan ń pe òwú àdàlù ní òwú gidi. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi iná sí i: òwú á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì rọ̀; àdàlù á yọ́, á sì le bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀rá dára fún ìta tí òjò ń fẹ́ sí. Onífọ́nrán kan yẹ ọwọ́ tó ti mọ kókó. Fún pálọ̀ àti fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, onífọ́nrán mẹ́ta, mìlímítà 4, ni kí ẹ gbà. Tí wọ́n bá ń fi kílò tà á, ẹ béèrè iye mítà tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí funfun òní àti funfun oṣù tó ń bọ̀ kì í sábà bára mu.