Ẹ Má Ra “Nọ́ńbà Tuntun” Nítorí Ilé: Ìkìlọ̀ fún Àwa Tá A Ti Já Líìsì (Àdéhùn Ilé) ní Houston

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Houston, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Alief àti lọ́nà Bissonnet, ọkùnrin kan wà tó ń wọ inú àwọn gúrúùpù WhatsApp wa káàkiri. Ohun tó máa ń kọ ni pé: “Ṣé ẹ já líìsì? Ṣé kírẹ́díìtì yín ti bàjẹ́? Kọ́kọ́rọ́ ilé á tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.” Yorùbá ló ń sọ, Yorùbá tó dán mọ́rán. Ó gba $850 lọ́wọ́ mi. Ìtìjú pa mí lẹ́nu mọ́ fún oṣù mẹ́rin, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi fóònù rẹ̀ hàn mí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lọkùnrin yìí ń bá a sọ. Àbúrò náà ti ń wá owó jọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Bọ́rọ̀ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé oníyàrá kan ni mo gbà, $1,150 lóṣù, líìsì ọdún kan. Nígbà tó di oṣù keje, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gé shift mi kù sí méjì lọ́sẹ̀. Mo palẹ̀ ẹrù mọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Katy. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, bí ayálégbé bá kó jáde láìdúró gba owó tó kù, inú onílé á máa dùn ni. Ti ibí yàtọ̀. Wọ́n ka owó oṣù márùn-ún tó kù sí mi lọ́rùn, wọ́n tún fi owó tí wọ́n ń pè ní reletting (owó wíwá ayálégbé míì) lé e, ìyẹn ìdá 85 nínú 100 owó ilé oṣù kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ $6,727.50. Wọ́n gbé gbèsè náà fún àwọn tó ń bá wọn sin owó, àwọn yẹn gbé e sórí kírẹ́díìtì mi, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, táwọn onílé máa ń yẹ̀ wò.

Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá dé, “rárá” ni. Ibi mẹ́ta ni mo san owó fọ́ọ̀mù sí. Ẹni tí kò rírú ẹ̀ rí ò lè mọ bó ṣe ń rí, pé kí èèyàn lówó ilé lọ́wọ́ kí wọ́n máà gbà á.

Inú ipò yìí ni “Bọ̀dá”, ọkùnrin orí WhatsApp yẹn, bá mi. Ó pè mí, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè ìlú mi, ó ní ìyá òun náà wá láti tòsí ibẹ̀. (Ta ni kì í wá láti tòsí ibẹ̀?) Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá ń ṣe é.” Ó ní òun máa fún mi ní CPN, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́sàn-án tí màá kọ síbi tí wọ́n bá ti bèèrè Social, ìyẹn nọ́ńbà Social Security tí ìjọba ń fún oníkálukú. Mo ní, “Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe ayédèrú ṣá?” Ó ní, “Àyà yín ti ń já jù. Lọ́yà ló ṣe é, òfin fọwọ́ sí i.” $500 fún nọ́ńbà, $350 fún pay stub (ìwé owó oṣù) iléeṣẹ́ kan tí mi ò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Zelle nìkan, ètò tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì, ló ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí CPN jẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni gbájú-ẹ̀ náà wà. Kò sí iléeṣẹ́ ìjọba kankan ní Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní CPN. Ọ́fíìsì Social Security kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà Social ẹlòmíì ni wọ́n sábà máa ń tà: ti ọmọ kékeré, ti arúgbó, ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, torí àwọn wọ̀nyí kì í yẹ kírẹ́díìtì wọn wò, kò ní tètè hàn. Ọmọ ọlọ́mọ á dàgbà, á fẹ́ gba owó ilé-ìwé, á wá bá gbèsè mi lọ́rùn ara rẹ̀. FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀. Ẹni tó bá sì lò ó, òun gan-an ló ṣẹ̀, kì í ṣe ẹni tó tà á nìkan.

Ọjọ́ tí mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ibi kẹrin, mánéjà wọn pè mí sí kọ̀rọ̀. Nọ́ńbà náà kò bá orúkọ mi mu, kọ̀ǹpútà wọn sì ti sọ pé pay stub náà jẹ́ ayédèrú. Ìyá àgbàlagbà ni. Ó ní kí n fà á sẹ́yìn, kí n máa lọ, òun ò ní pe ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi fún bíi wákàtí kan kí n tó lè wa ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé lọ́dọ̀ àwọn immigration, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Fọ́ọ̀mù N-400 tá a fi ń bèèrè fún ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè ń bèèrè bóyá o ti rú òfin rí, kódà bí wọn ò tiẹ̀ mú ọ. Bọ̀dá kò sọ ìyẹn fún mi.

Mo pe báńkì. Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó náà ránṣẹ́, ó ti lọ. Mo fẹjọ́ sùn ní ReportFraud.ftc.gov. Bọ̀dá ti dínà mọ́ mi lórí WhatsApp kí n tó dé ilé.

Ní Texas, ẹni tó bá ń gba owó lórí bíbá èèyàn wá apátímẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì TREC, àjọ ìjọba Texas tó ń rí sí iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn, àwọn onílé ló sábà ń sanwó fún un. Bó bá ní kó o kọ́kọ́ fi Zelle ránṣẹ́, sá. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní ta nọ́ńbà, ilé onílé ni wọ́n máa yá yín. Ẹ wo orúkọ ẹni tó nilé lórí HCAD, àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ Harris County, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ kò ní ìdán kankan nínú. Bí wọ́n bá kọ̀ yín nítorí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n gbà nípa yín, òfin ní kí wọ́n sọ iléeṣẹ́ tó fún wọn ní ìwé náà, ẹ sì lè gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 60. Mo gbà á. Mo tún kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí mo já líìsì wọn, mo ní kí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ gbèsè mi lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí ẹlòmíì wọ ilé náà. Oṣù méjì péré ló ṣófo! Òfin Texas sì sọ pé onílé gbọ́dọ̀ sapá láti wá ẹlòmíì, kò gbọdọ̀ jókòó ti ilé kó máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ. $6,727.50 di $3,277.50. Mo dúnàádúrà, wọ́n gbà $2,400, $200 lóṣù, mo sì gba àdéhùn náà ní kíkọ. Oṣù kẹta tí mo ń san án nìyí. Lone Star Legal Aid ń bá ẹni tówó rẹ̀ ò tó dá sí irú ọ̀rọ̀ ilé báyìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò tún san owó fọ́ọ̀mù láìkọ́kọ́ gba ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ń yan ayálégbé sí. Dandan ni kí wọ́n fún wa níhìn-ín. Bí wọn ò bá fún yín, tí wọ́n wá kọ̀ yín, ó yẹ kí wọ́n dá owó yín padà. Lópin gbogbo ẹ̀, ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé bàbá kan ni mo rí. Mo sọ òótọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀, mo fi ìwé àdéhùn gbèsè hàn án pẹ̀lú pay stub mi gangan. Ó gba owó ìdúró oṣù méjì dípò oṣù kan, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi.

Ọkùnrin yẹn ti yí orúkọ padà lórí WhatsApp, “Housing Solutions” ló ń jẹ́ báyìí. Àwòrán ọkọ̀ Lexus funfun tó ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.